Ọjọ́ tí Àdàbà Fò Kọjá Igi Àràbà

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé Àdàbà.

Idì, ọba ẹyẹ, ṣòfin pé ẹyẹ kankan kò gbọdọ̀ fò ga kọjá orí igi àràbà, nítorí ẹyẹ tó bá rẹ̀ lókè lè já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ Àdàbà sọnù. Àdàbà sáré tọ Idì lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n fò ga, kí n rí ọmọ mi,
Fẹ́rẹ́ fò, fẹ́rẹ́!

"Níbo lo ti fẹ́ gòkè?"
"Lórí ọjà ni."
"Èrò ọjà ńkọ́? Rárá!"

Ó tún kọrin. "Lórí oko ńkọ́, Kábíyèsí?"
"Kí o já lu àgbẹ̀ lórí bí àgbọn?"

Ó kọrin lẹ́ẹ̀kẹta. "Lórí pápá àpáta? Aláǹgbá pàápàá kì í gbé ibẹ̀."
Idì rẹ́rìn-ín. "Ó yá, fò ga débi tó wù ọ́! Má ṣáà kọjá etí pápá."

Háà, ẹ̀yin ọmọ! Àdàbà fò ga, ó ga, ó sì rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè, létí odò! Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ mú un.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí ọjà, inú ọmọ dùn, ó ta sókè fíò.
Àdàbà kígbe: "Sọ̀kalẹ̀ kíá! Ọmọ ẹlòmíì ló wà nísàlẹ̀ yẹn!"

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ká ìyẹ́ rẹ̀ sí.