Ọmọ Ẹṣin tí Kò Sí Lórí Okùn Ọba

Ní Àgọ́-Ẹlẹ́ṣin láyé àtijọ́, bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń sin ewúrẹ́ ni wọ́n ń sin ẹṣin. Kò sí agboolé tí o máa wọ̀ tí ẹṣin kò ní kọ́kọ́ yọjú sí ọ kí o tó rí onílé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọyáfúnkẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló bí, kò sí èyí tó dúró fún un, ọkọ rẹ̀ náà sì ti kú. Àwọn ẹṣin méje tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló wá sọ di ọmọ. Láràárọ̀ ni yóò bu ọkà bàbà sínú igbá, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ki wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á sì dáhùn bó bá gbọ́ oríkì tirẹ̀. Ládẹ̀ẹ̀rín, aládùúgbò rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹṣin Ọyáfúnkẹ́ mọ oríkì wọn ju àwọn ọmọ òun lọ. Òótọ́ sì ni kẹ̀. Abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Ẹfúùfù ni olórí wọn. Ibi tó bá kọjú sí ni àwọn yòókù ń kọjú sí.

Ó wá ṣe, àwọn olè láti òdìkejì odò bẹ̀rẹ̀ sí í jí ẹṣin kó. N kò ní purọ́ mọ́ ọba o, ohun rere ló ní lọ́kàn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n so ègé igi mọ́ gbogbo ẹṣin ìlú lọ́rùn, kí wọ́n fín àmì ẹni tó ni ín sí i. Agboolé kọ̀ọ̀kan yóò ní okùn kan ní ààfin, kókó kan fún ẹṣin kan. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá fẹ́ jáde ìlú, kó sọ fún oníbodè ibi tó ń lọ àti ọjọ́ tí yóò dé. Ẹṣin tí wọ́n bá sì rí tí kò ní igi lọ́rùn, ti ọba ni.

Inú bí àwọn ẹlẹ́ṣin. Wọ́n pàdé lábẹ́ igi ẹmi, wọ́n ní ṣé bí ẹṣin bá fẹ́ lọ mumi lódò, oníbodè ni àwọn yóò máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ládẹ̀ẹ̀rín ní bí wọ́n bá so igi mọ́ ẹṣin lónìí, ọrùn ẹlẹ́ṣin ló kù lọ́la. Wọ́n panupọ̀ pé àwọn kò ní ṣílẹ̀kùn.

Ọba wá rán ìlàrí kan jáde, ìránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fá ìlàjì orí rẹ̀. Má-bọ́ba-jiyàn ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà nìkan ti tó iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Bó ti ń kanlẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí i. Nígbà tó kan Ọyáfúnkẹ́, ó ní, “Ẹ so igi yín, bàbá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka Ẹfúùfù ní ẹyọ kan. Kò dá wà.”

Ìlàrí wo ikùn ẹṣin náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ikùn kì í ṣe ẹṣin. Ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń ta kókó sí.”

Kókó méje ló ta, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó padà wá yẹ̀ wọ́n wò. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ẹfúùfù bí. Ọmọ tuntun náà ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn gbọọrọ, kò tíì fẹnu kan ọmú. Ìlàrí kà á, mẹ́jọ. Ó wo okùn, méje. Ó ní ti ọba nìyẹn. Ọyáfúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó so igi mọ́ ọn lọ́rùn nísinsìnyí, pé bí oòrùn bá fi lè kan àtàrí kó tó mu wàrà, yóò kú ni. Ìlàrí ní òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó gba ọ̀nà ààfin lọ.

Ẹfúùfù kò bá a jiyàn. Ó já okùn ìso rẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù rí i, wọ́n já tiwọn náà. Ẹṣin Ládẹ̀ẹ̀rín gbọ́ ìró pátákò, wọ́n fò jáde, ó di agboolé dé agboolé. Ọ̀nà ààfin há. Wọ́n ń ha ara mọ́ ògiri, ègé igi ń já bọ́ bí èso tó pọ́n. Àwọn obìnrin ń ṣà á, wọ́n ní igi ìdáná dé. Ọyáfúnkẹ́ ń sáré lẹ́yìn wọn, gèlè rẹ̀ ti já bọ́.

Ọba jókòó níwájú ààfin nígbà tí ẹṣin kún ojúde rẹ̀. Ìlàrí sọ ọmọ ẹṣin kalẹ̀, Ẹfúùfù sì dúró tì í. Ọmọ náà wá ọmú kiri títí, ó rí i, ó ń mu.

“Ta ló ni ọmọ ẹṣin yìí?” ni ọba bi ìlàrí.

“Ti yín ni, Kábíyèsí. Kò sí lórí okùn.”

“Wàrà tó ń mu ńkọ́, ta ló ni ín?”

Ọba bi í pé mélòó ló kà lọ́jọ́sí. Ó ní méje.

Ọyáfúnkẹ́ kúnlẹ̀, mímí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. “Mẹ́jọ ni wọ́n lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí. Mo sọ fún ìlàrí. Ojú wọn ni kò tó ọ̀kan.”

Ọba wo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹṣin tí kò ní igi lọ́rùn mọ́, tí gbogbo wọn ti di tirẹ̀ lójú òfin, ó ronú oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, olè ńkọ́? Báwo la ó ṣe mọ ẹni tó ni ẹṣin?”

“Kí oníbodè gba ìjánu lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fa ẹṣin jáde, kí onítọ̀hún lọ dúró lókèèrè, kó ki ẹṣin rẹ̀. Bó bá dáhùn, kó máa lọ. Olè lè jí okùn, kò lè jí oríkì.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọba fọwọ́ sí i, ó ní kí kálukú kó ẹṣin rẹ̀ lọ. Ìlàrí ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú gbogbo kókó náà, ó tú u títí èékánná fi ń dùn ún. Àwọn ẹlẹ́ṣin mí kanlẹ̀, Ládẹ̀ẹ̀rín ń jó lẹ́yìn ẹṣin rẹ̀ dé ilé. Ọyáfúnkẹ́ gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, Ẹfúùfù ń gbóòórùn rẹ̀ léjìká lọ, obìnrin náà sì sọ ọ́ ní Ojú-ò-tó-ọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú okùn yẹn ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe, tí a sì ń bá wọn pa á dòní, pé: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.