Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Ìwé Ara Àpáta

Mo kí yín o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri. Ẹ yá mi ní etí yín méjèèjì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ ṣókùnkùn bí inú kànga, ìyanu inú rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn etí odò. Ẹni tí ọmọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó fà á mọ́ra.

Ní ìlú Agbáràméjì, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Àwẹ̀ró, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan, Àwẹ̀ró ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, tí í fi amọ̀ pupa mọ ìkòkò tí ń dún bí agogo. Lẹ́yìn ìlú náà ni àpáta dúdú kan wà tí wọ́n fín ìwé sí lára, omi tútù kan sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ka ìwé náà àfi Baálẹ̀ Láwúyì nìkan, ẹni tó ní bàbá òun ló kọ́ òun. Baálẹ̀ ní ohun tí àpáta ń wí ni pé lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mu igbá omi náà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlú yóò parun. Ẹni tó bá mu ún a wú, ojú rẹ̀ a ràn, kí ọjọ́ méje tó pé wọn a ti sin ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ Àwẹ̀ró ṣe lọ. Ní ọdún tí à ń wí yìí, Ìbídùnní ni wọ́n mú, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un.

Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Ó ní, “Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín ó gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tí àpáta ti ní kí a mu ún.”

Baálẹ̀ yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ní, “Arúgbó, kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe? Padà sídìí amọ̀ rẹ.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹnì kan bá ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ti dàgbà jù láti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa bóyá kì í ṣe àìmọ̀ yín ló fi ń jẹun.

Àwẹ̀ró ti gbọ́ pé lẹ́yìn Igbó Ìtìjú, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé. Oṣù mẹ́rin ló kù kí ọyẹ́ ó fẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ.

Nínú igbó náà, gbogbo igi ló ní ẹnu, kò sì sí ọ̀kan tó ní ojú. Ohùn àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń kígbe: “Ẹ wo ìyá àgbà tó ń lọ sílé ìwé!” Ẹ̀rín wọn gba inú igbó kan bí ìgbà tí iná bá ń jó koríko gbígbẹ. Ìtìjú bá Àwẹ̀ró, ó fọwọ́ bojú. Lójú ẹsẹ̀ ni gbòǹgbò yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlẹ̀ ṣinṣin. Ìgbà yẹn ló rí fìlà àti gèlè tó rọ̀ sórí àwọn igi yòókù, ó sì mọ̀ pé ènìyàn ni gbogbo wọn nígbà kan rí. Ó mú ọwọ́ kúrò lójú, ó ní, “Òótọ́ ni, n ò mọ̀wé. Ohun tí mo fi ń lọ nìyẹn.” Gbòǹgbò já.

Lẹ́yìn igbó náà, iwin kan dábùú ọ̀nà. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ tó àká, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí igi ọkà. Eegun ènìyàn funfun báláú yí i ká. Ó ní, “Kí lo mọ̀?”, nítorí ìgbéraga ni oúnjẹ rẹ̀: ẹni tó bá fọ́nnu, a gbé e mì.

Àwẹ̀ró ní, “Ìkòkò ni mo mọ̀ ọ́n mọ. Nínú ìyẹn pàápàá, àwọn kan ṣì ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tí n ò mọ ìdí.”

Iwin náà la ẹnu títí, kò rí ohun tí yóò gbé mì. Ó yà lọ́nà fún un.

Bí ó ṣe dé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, nínú ihò àpáta ńlá kan. Ìbàrìbá ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, Fúlàní oníwàrà wà níbẹ̀, Tápà apẹja kan tó ń jẹ́ Ndàgí sì wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti hewú. Olùkọ́ wọn gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko hù ní èjìká rẹ̀, síbẹ̀ láràárọ̀ ni í kọ́kọ́ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kí ó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń mọ ìkòkò láti ogójì ọdún kò lè fa ìlà kan kí ó gún, Àwẹ̀ró sunkún. Ndàgí ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní oṣù kẹta, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ láìṣì í, ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ kan wọlé, eruku tẹ̀lé e. Ọyẹ́ ti tètè dé!

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ndàgí fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e gba ojú odò, tó yá ju ọ̀nà igbó lọ. Nígbà tí wọ́n ó fi dé, gbogbo ìlú ti pé sídìí àpáta, igbá sì ti wà lọ́wọ́ Ìbídùnní. Àwẹ̀ró ya àwọn ènìyàn, ó fi ìka tọ ìwé náà, ó ń kà á sókè: “Ẹni… tó bá… mu omi… yìí…” Ibẹ̀ ni ó pin. Òjò ti jẹ ìyókù.

Baálẹ̀ kígbe, “Ẹ ò gbọ́? Ó ní kí a mu ún! Mu ún, ọmọ yìí!”

Ìbídùnní gbé igbá sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ndàgí ti fi ọ̀bẹ ẹja ha ewédò kúrò nísàlẹ̀ àpáta, ìlà mìíràn sì yọ, ní èdè Tápà. Ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀: “Ẹni tó bá mu omi yìí yóò kú. Ogójì nínú wa mu ún, a sin wọ́n síbí. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, a bẹ̀ yín, ẹ má mu ún.”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùnní kí ó tó mu ún. Baálẹ̀ Láwúyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ eegun lára rẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n kà, àròsọ rẹ̀ ni mo ń tún sọ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.”

Àwọn kan ti ń ṣa òkúta. Àwẹ̀ró dúró láàárín wọn àti Baálẹ̀. Ó mú èédú kan, ó fi í sí ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó ní, “Ènìyàn méjìlélógún ni ẹ fún ní omi yìí. Èmi ni n ó kọ́ yín ní ìwé, orúkọ wọn ni ẹ ó sì fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má dìde títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán.”

Baálẹ̀ sì ń kọ ọ́, omijé ń pa èyí tó bá kọ rẹ́, ó tún ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ ìtàn yìí nìyí: kì í ṣe àìmọ̀ ló pa àwọn ènìyàn ìlú náà, bíbò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì ń mí lè kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí kò sì sí ní èdè tìrẹ, bi aládùúgbò rẹ wò. Bí ẹ bá délé, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹlòmíràn tó fi ẹ̀mí san án.