Ẹlẹ́rìí Ìlú Orí Ọ̀sà

Ní ayé tí ìkùukùu ń sùn lójú ọ̀sà, Ọba Adégùnlẹ̀ alágbára ránṣẹ́ sí Yèyé Ìbíyẹmí, olórí ìlú kékeré kan tó ń léfòó bí àlá: “Mú ọba kan wá tó máa jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ nìlú yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kó jáde.” Kò sì sí ọba tí kì í bẹ̀rù Adégùnlẹ̀. Yèyé ti ilẹ̀kùn ààfin, ó jókòó. Adégùnlẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ọba tó kó wá wòran, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì ké bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo ọmọ: “Àgò onílé o!” “Àgò yà!” Yèyé ṣílẹ̀kùn. “Kábíyèsí, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́rìí fún wa. Ta ní í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò nílé?” Ni àwọn ọba yòókù bá tò sẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan: “Àgò onílé o!”