Okùn Tí Lágbàyí So Bí Iṣu

Ní ìlú Aróko, kò sí àgbẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń so iṣu mọ́ igi abà tó Lágbàyí. Bí ó bá so ó tán, ìjì kò lè mì í. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè rí okùn tó rọ̀ dirodiro kó má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n fa okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán ránṣẹ́ wọ ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ká èyí tó ṣẹ́kù ní róbótó sára òpó. Lágbàyí ní ìwà ọ̀bùn ni. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì so ó mọ́ òpó gírígírí. Àwọn aládùúgbò kí i kú iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, oyún Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, pé oṣù. Agbẹ̀bí fura pé ọmọ dábùú nínú. Ó fẹ́ kí dókítà ìlú ńlá wo àwòrán ikùn rẹ̀, kó sọ bóyá kí wọ́n gbé e gba ojú ọ̀nà burúkú tó lọ sí ìlú ńlá tàbí kó bímọ sílé. Àwòrán kọ̀, kò lọ. Ẹ̀rù ba Lágbàyí gan-an.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fadérera, obìnrin tó ń tún okùn náà ṣe. Ó tan iná pupa kékeré sí ẹnu okùn, ó fi ìborùn ṣíji bo ara òpó. Ibi tí okùn ti ṣẹ́ po ni iná pupa ti ń yọ jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló so èyí?”

“Èmi ni. Ṣé mo ti já a ni?”

“Kò já. Dígí tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń ju òkúta pẹlẹbẹ sójú odò? Bí ó bá fẹ̀gbẹ́ kan omi, á ta padà. Bí ó bá forí sọ ọ́, á rì. Bẹ́ẹ̀ ni ara dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú, títí á fi dé òpin. Bí okùn bá rọra tẹ̀, kò séwu. Níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po yìí, ìmọ́lẹ̀ forí sọ ara dígí, ó sì gba ibẹ̀ jáde.”

Lágbàyí fúnra rẹ̀ ló tú u. Fadérera tún un ká ní róbótó. Àwòrán lọ. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé Àyọ̀ká bọ̀ kíákíá, kí ìrọbí tó mú un. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọbìnrin náà jáde. Ìyá yè, ọmọ yè, Lágbàyí sì sunkún láìtijú.

Nígbà tí wọ́n délé, tí ìyá Lágbàyí fẹ́ pọn ọmọ, Lágbàyí fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún ọ̀já jù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi líle tún nǹkan ṣe ní Aróko, òwe tí àwọn àgbà ń pa fún un ni pé: Okùn ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe okùn iṣu, ẹni tó bá so ó pa, òkùnkùn ni yóò bá nídìí rẹ̀.