Bí Onímú-Gígùn Ṣe Gun Òkè Ìdógun

Aránṣọ kan wà ní ìlú Ìdógun-Òkè tó ń jẹ́ Lásún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Bí ó bá rán agbádá fún ènìyàn, ọrùn rẹ̀ kì í fún, apá rẹ̀ kì í sì í wọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí àlejò bá ń wá ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò júwe ilé aránṣọ fún un. "Ilé Àfokùnfà" ni gbogbo ìlú mọ ibẹ̀ sí. Orúkọ yìí máa ń dun Lásún bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún un lábẹ́ èékánná.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, ìlú náà máa ń ṣe Ọjọ́ Ìgòkè. Orí òkè ni ààfin wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì dá gèrè bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Gbogbo ẹni tó bá ní ọkọ̀ ni yóò wà á gòkè lọ kí ọba. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ láti tì í. Ọkọ̀ tó bá kọ̀ lójú ọ̀nà, tó sì ń yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn títí tó fi kan Òkúta Olókùn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, okùn ni wọn yóò so mọ́ ọn, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì fi orin yẹ̀yẹ́ fà á sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ilé Àfokùnfà ni ilé ẹni tó ni ín yóò máa jẹ́, àfi bí ará ilé náà kan bá padà wa ọkọ̀ kan náà dé òkè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olóògbé Àkànó, bàbá Lásún, nìyẹn. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ló ní, onílẹ̀kùn méjì, pupa bí osùn. Iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú bí ìrù ewúrẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Onímú-Gígùn. Àárín òkè ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí kò sì jí mọ́. Wọ́n fi okùn fà á délé, Àkànó sì gbé e sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bí àwọn ènìyàn bá ń kọjá, wọ́n á kí ìyá Lásún pé, "Ìyá Àfokùnfà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Màmá náà á dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Lásún ti kíyè sí i pé kí ó tó dáhùn, ó máa ń kọ́kọ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á já ni. Lọ́jọ́ kan tí màmá ń ṣa ewé àgbálùmọ̀ kúrò lórí ọkọ̀ náà, ó wò sùn-ùn, ó fi oríkì pe Lásún, ó ní:

"Ìṣọ̀lá, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yìí sin mí o."

Lásún dìde. Ó kó aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó sì gba ọ̀dọ̀ Múfútáù mẹkáníìkì lọ.

Ìbàdàn ni wọ́n forí lé, sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Wọn kì í ta ẹ́ńjìnnì fún ènìyàn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọhùn. Orí táyà àlòkù ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n á so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n á fi rọ́bà gba epo fún un láti inú ike kan, wọ́n á sì jí i. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ́ìlì ti kùn lọ́wọ́ dé ìgbúnwọ́ ló dá wọn lóhùn. Ó kọ́kọ́ jí ẹ́ńjìnnì kékeré kan, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Lásún mi orí. "Irú èyí wà nílé mi. Òun ni mo fi ń ránṣọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jí onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e lé e lórí. Omi náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dànù. Ojú Múfútáù là.

"Bọ̀ọ̀dá Lásún, èyí ni ká gbé. Ó tutù, ó sì mọ níwọ̀n."

Lásún náà fẹ́ gbà, àfi bí ó ṣe rí i tí nǹkan kan wà lábẹ́ tapólì ní igun ọgbà. "Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Á à, bàbá aránṣọ," ni ẹni tó ń tà á wí, "ìyẹn kì í ṣe ẹran ọmọdé."

Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni. Nígbà tí wọ́n jí i, àwọn adìyẹ inú ọgbà tú ká. Iyanrìn tó wà nílẹ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹ̀wà tó ń hó. Ife omi tí wọ́n gbé lé e kò tilẹ̀ dúró kí ó dànù, ó fò lọ sínú koríko. Lásún kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Àyà rẹ̀ ni ohùn náà ti ń dún. Ó dà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń húkọ́ bó ṣe máa ń húkọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn. Kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì náà tán, Lásún ti yọ téèpù lọ́rùn, ó ń fi yí i po.

"Ṣé ẹ fẹ́ rán bùbá fún un ni?" ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà bèèrè.

"Mo ti wọn abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi wá látilé. Ó máa wọ̀ ọ́. Kódà, àyè ìka kan á ṣẹ́kù."

Múfútáù fa ọwọ́ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe aṣọ tí ẹ máa tú etí rẹ̀ bó bá fún. Ẹ wò bó ṣe tóbi tó. Iwájú ọkọ̀ á wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ."

"Múfú, ta lo rí tó ń fi ìdí gun òkè?"

Ni gbogbo ọgbà bá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ́ńjìnnì náà wọlé sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí Lásún ṣe wí, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ tẹ̀ba sílẹ̀ bí àgùntàn tó ń jẹko. Múfútáù fi sípíríǹgì tó le gbé e dúró. Àwọn méjèèjì wá jókòó, wọ́n rò ó pé bí ẹrù tuntun ti wà níwájú, ó yẹ kí wọ́n dín ẹrù mìíràn kù kí ọkọ̀ lè ríbi gòkè. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n kó táyà ìpamọ́ àti gbogbo irin inú búùtù jáde. Ẹ̀yìn Onímú-Gígùn wá fúyẹ́ bí igbá òfìfo.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jí i ní Ìdógun-Òkè, àwọn ènìyàn sá jáde nílé. Ajíṣafẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ Lásún láti kékeré, dé tòun ti ìyẹ̀fun lójú. Ọkùnrin ńlá ni. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà ní òdìkejì ní láti di nǹkan mú.

"Lásún! Ariwo rẹ̀ dára o. Mo ti bá ọ ra okùn tuntun sílẹ̀. Funfun ni mo mú, kó lè bá pupa mu."

"Máa fi di búrẹ́dì rẹ," ni Lásún dá a lóhùn. 

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìgòkè, òjò ti rọ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà ń dán. Èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ọkọ̀ tó ti ṣíwájú ń wúkọ́ lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kún fún ìyàwó, ọmọ àti ìbátan dé ojú wíńdò. Ìyá Lásún ti wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó ti di ilẹ̀kùn Onímú-Gígùn mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Lásún bẹ̀ ẹ́, "ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ máa fẹsẹ̀ gòkè bọ̀, ẹ ó bá mi lọ́dọ̀ ọba."

Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Lásún tẹ epo. Ah, ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn kò ní gbàgbé! Onímú-Gígùn bú ramúramù, ó fò kúrò nílẹ̀, ó ń gun òkè lọ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo. Ó kọjá Òkúta Olókùn, níbi tí Baba Olókùn, ẹni tó ń ṣọ́ òfin ọjọ́ náà, jókòó sí tòun ti okùn lẹ́sẹ̀. Ó kù kí ó yí kọ́nà tó kẹ́yìn, tí ènìyàn á ti máa rí òrùlé ààfin.

Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ wà. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Lásún fi kún epo, wọ́n túbọ̀ ń yí, ẹrẹ̀ ń fò bo àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹkùn, ọkọ̀ kò sún. Lẹ́yìn náà, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Lásún tẹ búréèkì, ó dúró. Ó tún tẹ epo, ó tún yọ̀. Nínú dígí, ó rí i tí Òkúta Olókùn ń tóbi sí i. Ó rí i tí Baba Olókùn dìde, tó ń tú okùn rẹ̀.

"Iwájú rẹ̀ ti mutí yó, ìdí rẹ̀ sì ń jó!" ni Ajíṣafẹ́ ń kígbe. Ó fò jáde láti àárín èrò, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì fi gbogbo ara jókòó gbì sórí búùtù. "Ẹ yà mí ní fọ́tò! Èmi àti Àfokùnfà!"

Àfi gbà-à! Táyà múlẹ̀. Ọkọ̀ fò síwájú. Ajíṣafẹ́ ké "Yéè!" ó sì fò sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ọkọ̀ tún ń yọ̀ bọ̀.

 Ìyá Lásún, tó ti ń fẹsẹ̀ gòkè bọ̀, ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ajíṣafẹ́! Padà sórí rẹ̀!"

"Èmi kẹ̀, màmá? Kí n wá máa ran Lásún lọ́wọ́?"

"Ìwọ yìí, mo pọ̀n ọ́ rí nígbà tí ara ìyá rẹ kò yá. Ọmọ mi ló kàn láti pọ̀n ọ́ lónìí. Ó yá, jókòó!"

Ajíṣafẹ́ wo màmá, ó wo òkúta tó ti sún mọ́ tòsí, ẹ̀rín sì pa á. Ó sáré, ó tún jókòó gbì. Lásún tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ó na orí jáde, ó kígbe: "Ajíṣafẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wọlé! Ẹ wọlé sẹ́yìn!"

Màmá ló kọ́kọ́ wọlé, ó jókòó sí ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ìjókòó ti kúrò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ méjì rá gba inú ọkọ̀ bọ́ sínú búùtù. Múfútáù gan-an jókòó ti Ajíṣafẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀ wìì, iwájú rẹ̀ gbé orí sókè. Lásún rọra tẹ epo.

Onímú-Gígùn mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ! Ó la ẹrẹ̀ náà kọjá, ó yí kọ́nà, ó ń bú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bú ju òun lọ. Ajíṣafẹ́ ń ju ọwọ́ sí èrò bí ọba tó ń gba ìkíni. Òrùlé ààfin yọ, ẹnu ọ̀nà ààfin yọ, Lásún kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó bú sẹ́kún.

Baba Olókùn ti ń mí hẹlẹhẹlẹ dé lẹ́yìn wọn, okùn ń wọ́ tẹ̀lé e. "Kábíyèsí, ẹ dá wọn dúró! Wọ́n ti rú òfin! Ọwọ́ ènìyàn kàn án!"

Ìyá Lásún sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Gbogbo ìlú ló rí i. Ọwọ́ kọ́ ni Ajíṣafẹ́ fi kàn án. Ìdí ni."

Ọba gbìyànjú láti di ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ adé rẹ̀ ti ń mì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nu omijé. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Òfin lòdì sí fífi ọwọ́ tì í, kò lòdì sí èrò inú ọkọ̀. Baba Olókùn, ká okùn rẹ. Láti òní lọ, Ilé Akérò-gòkè ni kí wọ́n máa pe ilé Àkànó." Lásún wo ìyá rẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká, ó kúrò lára ọkọ̀, ó bọ́ sára ènìyàn. Bí àwọn àgbà bá ti rí alágbára tó fẹ́ dá nìkan lọ, tó ń lé àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un títí di òní ni pé: "Agbára níwájú, ènìyàn lẹ́yìn, ni ọkọ̀ fi ń gun òkè."