Bí Adúnọlá Amọ̀kòkò Ṣe Sin Kọmíṣánnà Dé Àbàtà

Kọmíṣánnà tó ń ṣètò ojú irin tuntun tí yóò so àwọn ìlú agbègbè wa pọ̀ gbé máàpù wá sí ààfin Ìsàmọ̀, ó sì ti fi téṣàn ìlú náà sí òdìkejì àbàtà. Adúnọlá amọ̀kòkò, tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ ojú irin kó ìkòkò lọ tà, ní kò sí ìkòkò tó lè débẹ̀ láìfọ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹ fi àṣìṣe máàpù yìí hàn mí kí n tó wọ mọ́tò mi. Bí mo bá ti wọ mọ́tò, ó parí nìyẹn, màá buwọ́ lù ú." Adúnọlá kò mọ̀wé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. A kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ níbí. Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká sìn wọ́n sọ́nà dé ibi tí wọ́n fi téṣàn wọn sí." Ọba mú ọ̀pá rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Ta ni yóò jókòó sínú mọ́tò nígbà tí ọba ń fẹsẹ̀ rìn? Kọmíṣánnà tẹ̀ lé wọn. Ní etí àbàtà, ó ní, "Kábíyèsí, ó tó, ẹ padà." Ọba ní òun yóò dúró máa wò wọ́n títí wọn yóò fi débẹ̀. Adúnọlá ti kó sómi: "Ẹ máa bọ̀, sà, téṣàn ṣì wà níwájú." Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ Kọmíṣánnà kan, ó gba ti èkejì. Nígbà tí omi dé orúnkún rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú máàpù àti bíírò wá, ó sì fa téṣàn padà sẹ́yìn ààfin. Ẹni tó bá fẹ́ lànà fún ará ìlú, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.