Àgbébọ̀ Adìẹ Àríkẹ́

Àwẹ̀ró ni olórí àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní ẹbu Òkè-Amọ̀. Òfin kan wà níbẹ̀: bí ẹnikẹ́ni tàbí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ bá ba ìkòkò tútù jẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, kí amọ̀ tó gbẹ lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò so ẹran náà mọ́ òpó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹjọ́ yóò fi parí. Òfin náà dára. Kì í jẹ́ kí ìjà di ọ̀la.

Àríkẹ́ ló kéré jù láàrin wọn. Àgbébọ̀ adìẹ kan ni ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Kò ní ohun mìíràn tó lè fi rántí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, adìẹ yìí já wọ ẹbu pẹ̀lú ariwo, ó gorí àwọn ìkòkò tí Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, gbogbo ẹnu wọn sì wó.

"Àríkẹ́, ṣé adìẹ rẹ náà fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?" ni obìnrin kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n so adìẹ mọ́ òpó ẹ̀yìn ẹbu.

Àríkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, akátá ló ń lé e bọ̀. Mo rí i nínú igbó yẹn. Ẹ jẹ́ ká lé e ná."

"Akátá kọ́ ló ba ìkòkò mi jẹ́. Jókòó. Bí a bá parí ẹjọ́, a ó lé e."

"Kò ní dúró dè yín, ìyá wa."

Wọ́n jókòó. Ọ̀kan ní kí Àríkẹ́ tún ìkòkò mọ. Òmíràn ní kí wọ́n fi adìẹ se ọbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ itan. Adìẹ ké lẹ́yìn ẹbu.

"Ẹ gbọ́, ó ń ro ẹjọ́ tirẹ̀!" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Nígbà tí Àwẹ̀ró dájọ́ tán pé Àríkẹ́ jẹ̀bi, ó lọ sẹ́yìn ẹbu láti tú adìẹ sílẹ̀. Okùn nìkan ló bá lára òpó, àti ìyẹ́ tó fọ́n ká dé etí igbó.

Àríkẹ́ kò sunkún. Ó ṣa ìyẹ́ náà, ó dì í sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó padà wá jókòó, ó sì ń po amọ̀ láti tún ìkòkò mọ, bí wọ́n ti dá a lẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú.

Àwẹ̀ró gba amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ìkòkò ṣeé tún mọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló yí òfin ẹbu padà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹjọ́ bá ti dé iwájú rẹ̀, ohun tó wà nínú igbó ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ náà tàn kúrò ní ẹbu, ó sì di òwe tí àwọn àgbà ń pa fún ẹni tí kò mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú: ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ.